Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Dákẹ́ ní Òrégùn

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run mọ̀ pé mo ti sa gbogbo ipá mi pé kó tán. Títí di òní, bí ọ̀nà bá gbé mi gba iwájú ilé iṣẹ́ kan kọjá ní Òrégùn, ilẹ̀ ni mo máa ń wò bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ sọnù, kí mègádì ibẹ̀ má baà dá mi mọ̀. Ó sì máa ń dá mi mọ̀. Èyí tó pariwo mọ́ mi kẹ́yìn lójú títì, níṣojú àwọn èèyàn pàtàkì, ni pé, "Ọmọ olóòkú! Ṣé ẹ ti ṣe fídáù?"

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ìṣesí ọmọ ènìyàn ni mo ń kà, èyí tí màmá mi máa ń túmọ̀ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Agége pé, "Ó fẹ́ di dókítà àwọn tórí wọn ò pé." Lẹ́kítọ̀rà wa kan wà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àánú lẹ́yìn wọn. Àánú ni wọ́n ń kọ́ wa lóòótọ́. Kì í ṣe àánú ti kéèyàn fún alágbe ní nǹkan o. Èyí táwọn ń sọ ni kéèyàn mọ bó ṣe ń ṣe ẹlòmíì, kó fi ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ro ara ẹ̀ wò. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí yunifásítì tó dé: ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò. Ohun tó jẹ́ tuntun létí mi ni pé Màmá Àánú ní irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣeé wọ̀n, bí ìgbà téèyàn ń wọn ìrẹsì.

Wọ́n bá wọn tiwa. Wọ́n pín ìbéèrè fún wa, wọ́n ní ká fi nọ́ńbà dáhùn, láti orí ọ̀kan dé orí márùn-ún. Ọ̀kan nínú ẹ̀ sọ pé, "Bí mo bá rí ẹni tó ń sunkún, ojú tèmi náà máa ń ṣomi." Mo mú ọ̀kan, ìyẹn ni pé rárá. Òótọ́ ni mo ń sọ! Agége ni mo gbé dàgbà. Bí èèyàn bá ní kóun máa bá gbogbo ẹni tó ń sunkún ní Agége sunkún, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè jẹun?

Nígbà tí èsì jáde, èmi ni mo gbẹ́yìn gbogbo kíláàsì. Bísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, ló ṣe ipò kìíní. Bísọ́lá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń polówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ inú ẹ̀ bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Òkúta. Bí mo bá wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ sún síbẹ̀ kí Òkúta ráàyè jókòó."

Màmá Àánú ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ní àánú kì í ṣe ohun tá a bí mọ́ èèyàn nìkan, pé ó ṣeé kọ́ bí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n wá pín wa fún àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Ìkẹjà, ẹnì kan fún ẹnì kan. Ká máa lọ kí wọn, ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, títí oṣù á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Àánú fúnra wọn á bi ẹni náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ọmọ yìí mọ bó ṣe ń ṣe yín?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, o yege. Bó bá ní rárá, o máa tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, wàá fi ọdún kan kún un, àwọn ẹgbẹ́ ẹ á sì jáde sílẹ̀ fún ẹ. Màmá mi ti sọ fún gbogbo ẹbí ní Ìjẹ̀bú ìgbà tí mo máa jáde. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún wọn pé nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà láyé, àánú ni ọmọ wọn fìdí rẹmi nínú ẹ̀? Oorun dá lójú mi.

Ẹni tí wọ́n pín mi fún ni Bàbá Mùsílíù, ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Òrégùn, ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti ọ̀rá búrẹ́dì. Èèyàn dáadáa ni, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ inú ilé iṣẹ́ náà, nítorí náà, bó bá di ọ̀sán, Bàbá Mùsílíù á jáde wá bá mi lórí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n á gbé àwo oúnjẹ wọn lé itan, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa rojọ́. Èmi á máa mi orí. Màmá Àánú ti kọ́ wa pé ká máa mi orí, ká sì máa tún ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ gbẹ̀yìn sọ, kó lè mọ̀ pé à ń gbọ́ tòun. Mo ti fi dígí kọ́ orí mímì nílé títí ọrùn fi ń ro mí.

"Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí n sinmi lánàá rárá," Bàbá Mùsílíù á wí.

"Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi," èmi á wí, màá mi orí.

"Ara ẹ̀ gbóná janjan. Omi tútù la wá dà sí i lára."

"Omi tútù."

"Àgbà ti dé sí i ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n báyìí, àwa géńdé la máa pé lé e lórí dì í mú."

Mo mi orí gan-an sí ìyẹn. Bàbá Mùsílíù dá ṣíbí dúró, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ọrùn ń dùn ẹ́?"

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n ti fura? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ ìwà, tó jẹ́ pé "wọ́n" ló máa ń lò fún mègádì lásán, ni ó wá ń pe ìyá tó bí i ní "ó". Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni màmá mi. Nílé wa, bí ìyá ìyá mi bá wọlé, a máa ń sọ pé "ó ti dé" ni, kò sì sẹ́ni tí wọ́n nà rí torí ẹ̀. Mo ní bóyá Èkó ló ti ba Bàbá Mùsílíù jẹ́. N ò bi wọ́n ibi tí Ìyá Àgbà ń gbé, n ò bi wọ́n ohun tó ń ṣe é, n ò tiẹ̀ ní kí wọ́n bá mi kí i. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, orí ni mo ń mì.

Oṣù ti fẹ́ parí nígbà tí fóònù mi dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo ṣì ń fọ eyín. Bàbá Mùsílíù ni. Ohùn wọn lọ sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ariwo èèyàn wà lẹ́yìn wọn.

"Ọmọ mi, má wulẹ̀ wá lónìí. Ìyá Àgbà dákẹ́."

"Ẹ̀n? Ìyá Àgbà?"

"Ó dákẹ́ láàárọ̀ yìí. Lójijì ni. Ó kàn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó bá dákẹ́. Gbogbo wa la káwọ́ lérí níbi tá a wà yìí..." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Bí wọ́n bá pe èèyàn láàárọ̀ kùtù pé àgbàlagbà kan dákẹ́, ṣé èèyàn á wá máa rò pé bóyá ó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀ ni?

Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní Olúwa ti gbọ́ àdúrà mi. Bí mo bá lọ bá Bàbá Mùsílíù kẹ́dùn dáadáa lónìí, ta ló tún fẹ́ sọ pé n ò mọ bó ṣe ń ṣe wọ́n? Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ojú mi gbẹ. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ronú nípa ikú, mo ronú nípa ìgbà tí wọ́n jí fóònù mi, omi ò jáde. Mo bá mú ìpara olóòórùn tí màmá mi fi ń pa iwájú orí bí orí bá ń fọ́ wọn, mo fi tọ́ abẹ́ ojú díẹ̀. Díẹ̀ náà pọ̀ jù. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ojú mi méjèèjì ti pọ́n bí ata, imú ń dà, mo ń wá omi kiri bí afọ́jú.

Nínú ipò yẹn ni mo kọ ọ̀rọ̀ sórí wọ́sáàpù kíláàsì wa: "Bàbá mi ní Òrégùn ti pàdánù ìyá wọn. Ẹ fi wọ́n sádùúrà." Kí n ṣáà lè gba ìyìn díẹ̀ ni. Bísọ́lá ló kọ́kọ́ fèsì pé òun ti wọ dúdú, òun ń bọ̀. Kò pẹ́ ni Màmá Àánú náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi náà á wá. Irú ọjọ́ báyìí la fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé." Mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́.

Bí mo ṣe fẹ́ jáde ni mo pàdé Alfa Látí, onílé wa, lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí ojú mi, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ìyá ẹnì kan ni, mùsùlùmí, ará Ògbómọ̀ṣọ́.

"Mùsùlùmí?" Alfa ti padà wọlé lọ mú báàgì wọn. "A kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí ẹni wẹ̀ ẹ́. Ó yá, ṣíwájú."

N ò mọ ilé Bàbá Mùsílíù, ilé iṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀. Mo ní ká débẹ̀ ná, wọ́n á júwe ilé fún wa. A pàdé Bísọ́lá àti Màmá Àánú níwájú géètì. Bísọ́lá ti ń sunkún láti Maryland níbi tó ti wọkọ̀. Mègádì yọjú, ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó wo báàgì ńlá tó wà lọ́wọ́ Alfa.

"Ṣé torí Ìyá Àgbà lẹ ṣe wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo dáhùn, mo ń fọn imú.

"Ha! Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Àtàárọ̀ la ti ń retí yín. Inú lọ́hùn-ún ló wà o."

Géètì tí wọn kì í ṣí fún mi láti ọjọ́ yìí ló ṣí gbayawu. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àwọn atúnǹkanṣe tí ọ̀gá wọn ní òun máa rán wá ni mègádì rò pé a jẹ́, àti pé báàgì Alfa ló tàn án jẹ. Nígbà yẹn, ohun tó dé etí wa ni pé òkú wà nínú ilé iṣẹ́.

"Ibi iṣẹ́ ló kú sí?" Bísọ́lá sọ ọ́ sí mi létí.

"Bóyá oúnjẹ ni wọ́n gbé wá fún ọmọ wọn," mo ní. Bísọ́lá gbọ́ oúnjẹ, ẹkún tún bú sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí àpò nínú ọgbà, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe rí Bàbá Mùsílíù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Bàbá Mùsílíù dìde. Wọ́n wo ojú mi tó pọ́n. "Ọmọ mi! Torí Ìyá Àgbà lo ṣe wá? Torí ẹ̀ lojú ẹ ṣe rí báyìí?" Wọ́n yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wò ó! Mo ní kó má wá o. Ọlọ́run á bù kún ẹ." Àwọn yòókù mi orí, wọ́n ń kí mi kú ìdúróṣinṣin. Mo yọ́jú wo Màmá Àánú. Wọ́n ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ká ní mo mọ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá ti kó àwọn èèyàn mi, kí n sọ pé a ń lọ.

Alfa Látí bọ́ síwájú, wọ́n gbé báàgì sílẹ̀. "Ọdún mélòó ni wọ́n lò láyé?"

"Kí n má parọ́ o, Alfa, n ò mọ̀," Bàbá Mùsílíù dáhùn. "Mo bá a níbí ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà bá a níbí ni."

Alfa wò mí. Mo mi orí.

"Ṣé kì í ṣe òun ló bí yín ni, sà?" Bísọ́lá béèrè.

"Kó bí mi kẹ̀? Àmọ́ ó bọ́ mi ju ẹni tó bí mi lọ. Òun ni mo fi tọ́ gbogbo àwọn ọmọ mi."

"Ìyá tó gbà wọ́n tọ́ ni," mo sọ fún Màmá Àánú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Orí mi pé ṣáá lọ́jọ́ náà.

"Ó da," ni Alfa wí. "Ṣé ẹ ti wẹ̀ wọ́n?"

"A fọ̀ ọ́ lánàá, Alfa, tinú tẹ̀yìn. Kẹrosíìnì la fi fọ̀ ọ́."

"Kẹrosíìnì! Sùbúhánalláhì!"

"Ó sàn ju pẹtiróòlù lọ, Alfa," ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dá sí i. "Pẹtiróòlù lè gbiná."

Alfa gbé báàgì wọn nílẹ̀ padà. "Níbo lòkú wà báyìí? Ẹ ò tíì gbé e kúrò?"

"Ó kù kí wọ́n gbé ọkàn ẹ̀ dé," Bàbá Mùsílíù ní. "A ti yọ ọ́ látàárọ̀. Wọ́n gbé e lọ fún wẹ́dà kan ní Agége. Ó ti sán níbi méjì, wẹ́dà náà ló mọ̀ ọ́n jó pọ̀."

Bísọ́lá jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Màmá Àánú, tí wọ́n kọ́ wa pé bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹni tá à ń gbọ́ yani lẹ́nu tó, ká má fi hàn lójú, fi èékánná já mi léjìká. Alfa Látí ti ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà géètì, wọ́n ń ka àdúrà tí n ò gbọ́ rí. Èmi nìkan ni n ò bẹ̀rù. Ojú ń ta mí, n ò ríran dáadáa, ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé Màmá Àánú ń wò mí, àti pé bí n ò bá yege lónìí, mi ò ní yege mọ́.

"Bàbá," mo wí, "ẹ mú mi lọ bá wọn. Mo fẹ́ dágbére."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ wọ inú ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Mo rí nǹkan gbọọrọ kan tí wọ́n da tapólì bò. Mo ní obìnrin náà síngbọnlẹ̀ láyé. N ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ju ara mi lù ú, mo ké, "Ìyá Àgbà! Ẹ wá fi wá sílẹ̀!"

Gbọ̀ọ̀! Iwájú orí mi lu irin. Tapólì yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo dì mọ́ ní irin ìdìmú, ó ní bẹ́líìtì, ó ní bọ́tìnnì pupa àti aláwọ̀ ewé, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ àwọn ará Ṣáínà sí i láyà. Gírísì kùn mí láti imú dé etí.

Gbogbo èèyàn rọ́ wọlé wá wò mí, títí kan Alfa tí wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ.

"Ọmọ mi," Bàbá Mùsílíù ní jẹ́jẹ́, "kí lo rò pé Ìyá Àgbà jẹ́?"

"Ìyá yín," mo ní.

"Ìyá mi? Ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Tá a jọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, tí wọ́n ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ lọ́wọ́?" Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì borí. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ̀rọ ni o! Ẹ̀rọ tá a fi ń fẹ́ ọ̀rá ni!"

Alfa Látí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò mọ ẹni tó kàn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti káwọ́ lérí látàárọ̀ ń yí nílẹ̀. Ẹnì kan ń sá lọ sọ fún mègádì. Bísọ́lá tó ń sunkún láti Maryland ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà, kò mọ èyí tí ì bá mú. Màmá Àánú kọ̀yìn sí mi, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gírísì mi, mo ń wo ọdún kan tí mo fẹ́ fi kún un yẹn bó ṣe ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ẹ̀rín yẹn ò tíì rọlẹ̀ nígbà tí máníjà wọlé. "Kí lẹ̀ ń rín?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ní olówó ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe òun ni, pé olówó náà ò rán atúnẹ̀rọṣe kankan wá mọ́, ó ti sú u. Bí Ìyá Àgbà ò bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́ lónìí, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e lọ́la, wọ́n á sì ti ẹ̀ka náà pa. Ó sọ ọ́, ó sì jáde.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Mùsílíù wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ náà. Mo wo ọwọ́ yẹn. Ó ti dúdú ní àtẹ́lẹwọ́, irin ti jó o níbi púpọ̀. Gbogbo oṣù tí mo fi jókòó tì wọ́n, n ò wo ọwọ́ yẹn rí.

"Bàbá," mo ní, "bí kò bá wá dìde ńkọ́?"

"N ò mọ̀ o, ọmọ mi. Ta ló fẹ́ gba irú mi síṣẹ́? Ẹ̀yin ọmọ lẹ kún ìta yẹn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ariwo ẹ̀ máa ń yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní báyìí, láti àárọ̀ tó ti dákẹ́, ṣe ló ń ṣe mí bíi pé etí mi di. Àárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ rò ó pé mo ti darúgbó."

Mo gbàgbé orí mímì. Mo gbàgbé Màmá Àánú. Mo fi èjìká mi kan tiwọn, a jókòó bẹ́ẹ̀.

A gbọ́ ìró ọ̀kadà níta. Wẹ́dà Agége ló dé, ó gbé ọkàn Ìyá Àgbà, irin àárín ẹ̀ tó sán yẹn, mọ́yà nínú àkísà bí ọmọ tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ pé lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dì í padà. Bàbá Mùsílíù tẹ bọ́tìnnì. Kò dáhùn. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó wúkọ́ bí arúgbó, ó tún dákẹ́.

"Ó ń fẹ́ ká fọwọ́ yí àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀," Bàbá pariwo. "Ẹ̀yin olóòkú, kí lẹ̀ ń wò? Ẹ wá tì í!"

A rọ́ lọ síbẹ̀. Alfa Látí ká jálàmíà wọn sókè, wọ́n gbé báàgì kalẹ̀. Bísọ́lá wọlé sáàárín. Màmá Àánú pẹ̀lú, odindi Ọ̀mọ̀wé, bọ́ bàtà gíga wọn, wọ́n fọwọ́ sí i. Alfa ní, "Bísímíláhì!" A tì í, ó wúwo bí òkè. A tún tì í. Ó yí díẹ̀. Bàbá Mùsílíù tẹ bọ́tìnnì, Ìyá Àgbà gbọ̀n gìrìgìrì, ó pariwo kan báyìí tó fẹ́ ya etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo tó dùn bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn géńdé ń fò sókè, wọ́n ń dì mọ́ra. Bàbá Mùsílíù na ọwọ́ sí ọ̀run, ètè wọn ń mì, n ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Máníjà sáré wọlé, ó rí i, ó fara ti ògiri, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ìgbà tí Bísọ́lá na áńkáṣíìfù sí mi ni mo tó mọ̀ pé mò ń sunkún. Ìpara ti gbẹ tipẹ́.

Lẹ́nu géètì, Màmá Àánú dúró, bàtà wọn ṣì wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Bàbá, mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣé ọmọ yìí mọ bó ṣe ń ṣe yín?"

Ọkàn tèmi náà fẹ́ rè Agége.

Bàbá Mùsílíù wo ojú mi tó kún fún gírísì. "Ká sòótọ́, mà, kò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tó ti ń wá, orí ló ń mì fún mi bí alángbá. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ sọ fún un pé kó lọ rí dókítà." Mègádì bú sẹ́rìn-ín, mo pa ojú dé. "Ṣùgbọ́n lónìí, ó bi mí pé kí ni mo máa ṣe. Máníjà ò bi mí, olówó ilé iṣẹ́ ò bi mí. Mà, ẹ fún un ní máàkì ẹ̀. Ẹni tó lè sunkún irin, kò ní gbé èèyàn sọ nù."

Màmá Àánú sún mọ́ mi. Wọ́n fi ìka tọ́ gírísì kan nímú mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "O yege. Lọ wẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo wá lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Gbogbo ara mi fúyẹ́. Mo mí èémí kan tó jẹ́ pé ó ti lè tó oṣù kan tí mo ti ń há a mọ́yà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn. Ẹnu tó béèrè ló ń mọ ọ̀nà dé inú ẹlòmíì, orí mímì ò mú mi dé ibì kankan. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè mí pé ẹnì kan dákẹ́, màá kọ́kọ́ ní, "Ẹ má bínú, ṣé èèyàn ni?" Wọ́n ti bú mi torí ẹ̀ níbi òkú méjì. Mo fara mọ́ ọn. Bí mo bá sì rántí bí mo ṣe dì mọ́ irin Ṣáínà tí mo ń dágbére fún un, èmi nìkan á bú sẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, àwọn èrò á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún. Òkú ni mo ṣì lọ́jọ́ náà, n ò ṣi ẹkún.